Johannes Trithemius, Ẹni Tí Ó Kó Ìwé Jọ ní Sponheim

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a ó mú yín rin ìrìn-àjò kan dé ibi mẹ́ta ní ilẹ̀ Jámánì, kí ẹ lè rí bí òwe yìí ti ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì lára ọkùnrin kan ṣoṣo. Lẹ́ẹ̀kínní, ó ṣẹ lórí irọ́ tí àwọn ènìyàn pa mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹ lórí irọ́ tí òun tìkára rẹ̀ kọ sínú ìwé ìtàn. Orúkọ ọkùnrin náà ni Johannes Trithemius. Olórí ilé àwọn mọ́ńkì ni, òpìtàn ni, olùtọ́jú ìwé sì ni, irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní etí odò. Odò Mosel, tí ó ń ṣàn lọ pàdé odò Rhine, kì í ṣe odò tí ń rìn tààrà. A máa lọ́ síhìn-ín, a máa lọ́ sọ́hùn-ún, bí ejò tí ń gba inú koríko kọjá. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ibi tí odò náà gbé lọ́ wọ̀nyí, ní ìsàlẹ̀ ìlú àtijọ́ tí a ń pè ní Trier, ni ìletò Trittenheim wà. Òkè gogoro dúró ní òdìkejì omi, ọgbà àjàrà sì bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa kí ó má baà yí wálẹ̀. Iṣẹ́ wáìnì ni a fi mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ títí di òní. Níbẹ̀ ni a bí Johannes sí ní ọjọ́ kínní oṣù Kejì ọdún 1462, láti inú orúkọ ìletò náà ni a sì ti fa orúkọ Trithemius yọ ní èdè Látìnì.

Baba rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ Elisabeth sì tún lọ́kọ. Ọkọ ìyá rẹ̀ yìí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé sétí. Gẹ́gẹ́ bí Johannes ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó mọ ìwé kà, ní ìkọ̀kọ̀ sì ni ó ń lọ kọ́ ọ ní òru lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí àwọn òbí yín ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún, ẹ wo ọmọ tí ń yọ́ jáde ní òru nítorí à-bí-dí! Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò gbà á mọ́ nílé, ó sá kúrò, ó lọ sí Trier, lẹ́yìn náà ó dé Heidelberg, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé wà, ó sì bá àwọn ọ̀mọ̀wé rìn níbẹ̀.

Ní oṣù Kínní ọdún 1482, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kan gbéra láti Heidelberg láti lọ sí ilé. Ọ̀nà wọn gba Sponheim kọjá. Bí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, òjò-dídì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ púpọ̀púpọ̀, ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní láti padà sẹ́yìn lọ wá ibi ààbò ní ilé àwọn mọ́ńkì. Èyí tí ó wá yà fún òjò kò jáde mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 1483, àwọn arákùnrin ilé náà yàn án ṣe olórí wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré ni nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà yà síbẹ̀. Sponheim kò jìnnà sí ìlú Bad Kreuznach, láàárín àwọn òkè kéékèèké tí igbó àti oko pín láàárín ara wọn. Ìletò kékeré ni lónìí. Ṣùgbọ́n kí àlejò tó wọ inú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí lórí òkè, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó rí bí àgbélébùú, ilé ìṣọ́ alápá mẹ́jọ sì wà ní àárín òrùlé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ilé àwọn mọ́ńkì náà nìyẹn. Ilé àwọn mọ́ńkì tú ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní àkókò Àtúnṣe Ìsìn. Àwọn ará ìletò ni ó ń jọ́sìn níbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá dúró nínú rẹ̀, tí ó wo bí ó ti dákẹ́ tó, yóò ṣòro fún un láti gbà gbọ́ pé nígbà kan rí, àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ìletò yìí nítorí ìwé.

Nígbà tí Trithemius di olórí, gbèsè wà lọ́rùn ilé náà, ilé sì ti ń wó. Ìwé 48 péré ni ó bá níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1505, ìwé tí ó wà ní Sponheim ti lé ní 2,000. Ní ayé tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì jẹ́ àfọwọ́kọ, tí ìwé kan ṣoṣo lè gba akọ̀wé ní ọ̀pọ̀ oṣù, ohun ìyanu ńlá ni èyí.

Báwo ni ó ti rí wọn? Ilé Sponheim wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ilé mọ́ńkì kan tí ń wá àtúnṣe sí ìgbé-ayé wọn, wọ́n sì máa ń rán Trithemius lọ bẹ àwọn ilé yòókù wò. Níbikíbi tí ó bá dé, àpótí ìwé ni ó ń béèrè. Ó máa ń bá ìwé àtijọ́ pàdé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kà wọ́n, tí eruku àti kòkòrò ti fẹ́ jẹ wọ́n tán. Nígbà mìíràn, ní èdè Gíríìkì tàbí ti Hébérù, tí àwọn tí ó ni wọ́n kò gbọ́. Yóò fún wọn ní ìwé àtẹ̀ tuntun tí ó wúlò fún wọn, yóò sì gba ti àtijọ́ ní pàṣípààrọ̀. Èyí tí kò lè rà, tí kò sì lè pààrọ̀, yóò mú kí a dà á kọ.

Nítorí ìdí èyí, ó fi àwọn mọ́ńkì rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ọ̀kan ń gé awọ tí a ó kọ ìwé sí, èkejì ń fa ìlà, ẹ̀kẹta ń kọ, ẹ̀kẹrin ń ṣàtúnṣe àṣìṣe, òmíràn ń dì í pọ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Gutenberg gbé kalẹ̀ ní Mainz, tí kò jìnnà sí Sponheim, ti wà fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn arákùnrin kan sì ń béèrè ìdí tí a ó fi máa fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀. Ní 1492 Trithemius kọ ìwé kékeré kan ní ìyìn àwọn akọ̀wé láti dá wọn lóhùn. Ó wí pé ohun tí a kọ sórí awọ lè pẹ́ ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ̀ sórí bébà, bí ó bá lo igba ọdún, ó ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: nígbà tí ó fẹ́ kí ìwé náà kárí ayé, ìlú Mainz ni ó gbé e lọ ní 1494, fún òǹtẹ̀wé! Kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tí ènìyàn yóò ní ìwé púpọ̀ lọ́wọ́, tí kò ní fi ara balẹ̀ ka ọ̀kan.

Ní ọdún 1494 yìí kan náà ni ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ jáde ní Basel, ní ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé Johann Amerbach. Ìwé àkójọ àwọn tí ó ti kọ̀wé nínú Ìjọ ni. Ó to àwọn òǹkọ̀wé tí ó fẹ́rẹ̀ tó 1,000 tẹ̀ lé ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àkókò tí olúkúlùkù gbé ayé. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí ẹni náà ti wá àti irú ènìyàn tí ó jẹ́, ó ka àwọn ìwé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nígbà púpọ̀ ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ kún un, kí ẹni tí ó bá rí ìwé tí ojú-ewé orúkọ rẹ̀ ti ya lè mọ èyí tí í ṣe. Ó tún to gbogbo orúkọ wọn ní ìlànà à-bí-dí, kí olùwádìí má baà ṣe wàhálà. Iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ń ṣe ní gbogbo ayé lónìí, ẹ̀ka pàtàkì nínú gbòǹgbò rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Conrad Gessner ará Switzerland tẹ àkójọ ńlá tirẹ̀ jáde ní 1545, iṣẹ́ Trithemius wà lára ohun tí ó gbé ẹsẹ̀ lé. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń pe Trithemius ní baba iṣẹ́ àkójọ orúkọ ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbajúmọ̀, ẹnu ayé kì í yé bá a. Ní 1499, Trithemius kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Arnold Bostius, mọ́ńkì kan ní ìlú Ghent. Ó sọ fún un pé òun ń kọ ìwé kan tí yóò ya gbogbo ayé lẹ́nu, nípa bí ènìyàn ti lè fi èrò inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà, láìsí pé ẹlòmíràn mọ̀. Kí lẹ́tà náà tó dé, Bostius ti kú. Àwọn ẹlòmíràn tú u, wọ́n kà á, wọ́n dà á kọ, ó sì tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí láti ìlú dé ìlú pé olórí ilé Sponheim ń bá àwọn ẹ̀mí àìrí sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Fáránsé kan, Charles de Bovelles, wá sí Sponheim, a fi ìwé náà hàn án, ó sì rí orúkọ àwọn ẹ̀mí àjèjì àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọfọ̀ nínú rẹ̀; nígbà tí ó padà lọ, ó kéde pé iṣẹ́ oṣó ni. Ó dun Trithemius wọ inú egungun. Òun tìkára rẹ̀ kọ̀wé lòdì sí àwọn oṣó, òun náà sì ni, ní 1507, ó kọ lẹ́tà kan nípa alárìnkiri tí ń pe ara rẹ̀ ní Faustus, pé ẹlẹ́tàn ni; lẹ́tà náà wà lára ẹ̀rí tí ó pẹ́ jùlọ nípa Faust tí a wá sọ di ìtàn ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù.

Ilé pẹ̀lú kò rọgbọ. Ogun ti jà ní agbègbè náà ní 1504, ó sì ti sú àwọn mọ́ńkì láti máa ṣe iṣẹ́ ìwé lábẹ́ olórí tí kò sinmi. Nígbà tí Trithemius rìn ìrìn-àjò kúrò nílé ní 1505, wọ́n dìde sí i lẹ́yìn. Kò padà sí Sponheim mọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí. Àwọn ìwé tí ó fi ju ogún ọdún kó jọ wà lẹ́yìn rẹ̀; a tà nínú wọn, a fọ́n wọn ká, lónìí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni a ń rí káàkiri àwọn ilé-ìkàwé ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ti jó rí ni yóò mọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a kọjú sí ìlà-oòrùn, kí a lọ sí Würzburg ní etí odò Main. Ìlú ńlá ni èyí ní tirẹ̀. Odi Marienberg jókòó lórí òkè, ó ń wo afárá òkúta àtijọ́ nísàlẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni ilé àwọn mọ́ńkì ti Jákọ́bù Mímọ́ wà, tí àwọn ará Ireland dá sílẹ̀ ní ayé àtijọ́. Níbẹ̀ ni a fi Trithemius ṣe olórí ní 1506. Ilé náà kéré, mọ́ńkì inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ, ó sì ń kọ̀wé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá ọdún 1516.

Ọ̀kan nínú ìwé tí ó parí níbẹ̀ ni èyí tí a tẹ̀ ní 1518, lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí í ṣe ìwé àtẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ọ̀nà ìkọ̀wé àṣírí. Àwọn baba wa mọ irú nǹkan yìí. Àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ẹni tí ó gbé e kò sì ní mọ ohun tí ó gbé. Báyìí ni ti Trithemius rí. Ó to ọ̀rọ̀ sí òpó púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan fún lẹ́tà kan. Nínú òpó kínní, A ni “Ọlọ́run,” B ni “Ẹlẹ́dàá”. Nínú òpó kejì, A ni “aláàánú,” B ni “aláàánú jùlọ”. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ B àti A, yóò kọ “Ẹlẹ́dàá aláàánú.” Ẹni tí ó bá jí ìwé náà tú yóò rò pé àdúrà ni, yóò sì jẹ́ kí ó kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní irú ìwé kan náà lọ́wọ́ yóò ka iṣẹ́ tí a fi rán an ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kan náà ni ti ìwé àkọ́kọ́ tí ó dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Orúkọ àwọn ẹ̀mí àti ọfọ̀ inú rẹ̀, aṣọ ni wọ́n jẹ́ tí ó fi bo ọ̀rọ̀. Bí a bá mú lẹ́tà kan, tí a fo òmíràn, ìtumọ̀ yóò jáde. A tẹ ìwé náà ní 1606, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí apá méjì àkọ́kọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1609, Ìjọ Rómù fi í sínú àwọn ìwé tí a kò gbọdọ̀ kà. Apá kẹta, tí ó kún fún nọ́ńbà, ṣì ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wí pé ó dájú pé oṣó ni èyí. Ó tó ọdún 1996 kí Thomas Ernst, àti ọdún 1998 kí Jim Reeds, tí olúkúlùkù ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó fi hàn pé ìkọ̀wé àṣírí ni apá kẹta náà pẹ̀lú. Nínú ohun tí wọ́n tú síta, ìkìlọ̀ kan wà pé olè ni ẹni tí ó mú lẹ́tà náà wá, kí ẹni tí ó gbà á ṣọ́ra fún un. Ẹ rántí Ùráyà, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé ikú ara rẹ̀ lọ fún Jóábù. Báyìí ni irọ́ tí a pa mọ́ Trithemius rìn fún ọdún tí ó fẹ́rẹ̀ tó 500, òtítọ́ sì bá a.

Ṣùgbọ́n irọ́ kejì ńkọ́? Ní 1515 ó tẹ ìtàn àwọn Fráńkì jáde ní Mainz. Olú-ọba Maximilian fẹ́ kí a fi hàn pé ìdílé òun ti ọ̀dọ̀ àwọn akọni ìlú Troy ìgbà láéláé wá. Trithemius to àwọn ọba lẹ́sẹẹsẹ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa, pẹ̀lú orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n jọba. Nígbà tí a bi í léèrè ibi tí ó ti rí i, ó ní òpìtàn àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Hunibald ni ó kọ ọ́. Olú-ọba fẹ́ rí ìwé Hunibald. Trithemius dáhùn pé Sponheim ni ó wà. A wá a níbẹ̀, a kò rí i. Ó ní bóyá wọ́n ti tà á lẹ́yìn òun. Àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin, bí Johann Stabius, bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò rí Hunibald. Nínú ìtàn ilé àwọn mọ́ńkì ti Hirsau, tí ó kọ, òpìtàn mìíràn tí ń jẹ́ Meginfrid tún jáde, òun náà a kò rí i rí. Àwọn òpìtàn ti gbà báyìí pé Trithemius ni ó dá wọn.

Kí ni ó sún un dé ibẹ̀? Kì í ṣe àìmọ̀. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí ìtàn wọn gùn kí ó sì lógo, níbi tí àlàfo bá sì wà, ojú ń tì í láti fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n rà á. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn da ọ̀rọ̀ Hunibald kọ sínú ìwé tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú irọ́ náà: iṣẹ́ tí Trithemius fúnra rẹ̀ kọ́ ayé ni. Òun ni ó kọ́ni pé kí a to orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé, kí a sọ ìwé tí wọ́n kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn, kí ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó. Nígbà tí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo àkójọ àwọn ilé-ìkàwé, tí wọ́n ń wá Hunibald láti ibì kan dé ibì kejì, òfìfo ni wọ́n bá.

Àdánù ibẹ̀ sì tóbi ju ìtìjú ẹnì kan lọ. Trithemius fi ojú rí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ tí ó ti ṣègbé lónìí. Fún àwọn kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí ó kù pé wọ́n wà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé Hunibald kò sí, báwo ni yóò ṣe gba ìyókù gbọ́? Olúwádìí tí ó bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láti dúró, kí ó béèrè ẹ̀rí mìíràn. Bí kò bá sì sí ẹ̀rí mìíràn, òtítọ́ tí ọkùnrin náà sọ ti bá irọ́ rẹ̀ lọ. Irọ́ díẹ̀ ti ba àkójọ ńlá jẹ́, bí eṣinṣin tí ó kú sínú òróró ìkunra.

Kí a tó padà sílé, ẹ jẹ́ kí a kọjá afárá, kí a wọ ṣọ́ọ̀ṣì Neumünster ní àárín ìlú. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún 1945, bọ́ǹbù jó èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú Würzburg ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ilé Jákọ́bù Mímọ́ náà sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n òkúta ibojì Trithemius, tí ó ti ilé iṣẹ́ agbẹ́gilére ńlá nì, Tilman Riemenschneider, jáde, ni a ti gbé wá sí Neumünster ṣáájú ìgbà náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó dúró nínú aṣọ olórí mọ́ńkì, ojú rẹ̀ dákẹ́. Ènìyàn kò lè wò ó kí ó má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè wò ó kí ó má kẹ́dùn.

Ẹ̀yin òbí tí ń kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, àti ọjọ́ ikú àwọn ará ilé yín sínú ojú-ewé Bíbélì, òpìtàn ni ẹ jẹ́, olùtọ́jú ìwé sì ni yín. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù lórí ọkàn, kí kòkòrò àti ìgbàgbé má baà jẹ ẹ́. Bí ẹ bá dé orúkọ baba-ńlá tí ẹ kò mọ̀, tàbí ọdún tí kò dá yín lójú, ẹ má ṣe ojú tì yín. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọmọ yín tí ó bá wá rí òtítọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí.